Ìbò Tí Màmá Pín sí Méjì

Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ti bu búrẹ́dì sí méjì, àfi kí n gbé ìlàjì méjèèjì sókè, kí n wò ó bóyá ọ̀kan ò tóbi ju èkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ, n kò sì tíì sọ fún wọn rí. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni.

Màmá bí ọkùnrin méjì kí wọ́n tó bí mi. Bàbá wa kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn Màmá, nínú abúlé oko tí à ń gbé, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Olódò. Láti ìgbà náà ni Màmá ti sọ ọ́ di òfin pé ohunkóhun tó bá wọlé, ẹran ìgbẹ́ ni o, iṣu sísun ni o, àkàrà kan ṣoṣo ni o, àwọn gbọ́dọ̀ dá a sí méjì ọgbọọgba fún àwọn ọkùnrin méjì náà. Èmi obìnrin, ìdí ìkòkò ni mo ti ń rí tèmi, bí ẹ bá sì rí bí mo ṣe sanra nígbà náà, ẹ ó mọ̀ pé ìdí ìkòkò kì í ṣe ibi burúkú. Màmá ní orí ẹran ìgbẹ́ kan ṣoṣo ló tú ilé bàbá tó bí àwọn ká, tí ọmọ ìyá kan náà fi kú láìkí ara wọn. "Ohun tí kò bá ṣeé pín, kó má wọ ilé mi." Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn jù láyé nìyẹn.

Kí n tó lọ jìnnà, "wọ́n" ni màá máa pe Màmá nínú ìwé yìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi, "ó" ni màá máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Bí mo bá ń "wọ́n" gbogbo ilé, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń bá wí. Àwọn méjèèjì sì ti lọ sí ibi tí wọn ò ti lè kó mi ní ìkó mọ́.

Àkọ́bí, tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n àgbà, àgbẹ̀ kòkó ni. Òun ló jogún oko bàbá wa, òun náà ló ń tọ́jú irin Ògún tó wà lẹ́yìnkùlé, torí ìdílé àgbẹ̀ àti ọdẹ ni wá. Èkejì kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Olódò. Màmá ní tiwọn ti gba ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ àwọn aládùúrà, wọ́n ń wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn lọ sí ilé àdúrà. Síbẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n àgbà ni wọ́n ń gbé, n kò sì rí ọjọ́ tí irin Ògún àti sùtánà bá ara wọn jà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n àgbà kọ́lé onípáànù, káfíńtà ló kan òrùlé, òun ló ṣe fèrèsé. Ó wá fi pákó ìrókò ṣe ilẹ̀kùn iwájú, ilẹ̀kùn tó wúwo débi pé ọmọdé ò lè dá a ṣí. Kò gba nǹkan kan. Bí ẹ̀gbọ́n àgbà bá ń kọjá, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀kùn náà lára bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pa ọmọ lórí.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, káfíńtà á gun kẹ̀kẹ́ wá láti Olódò, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì jọ jẹun nínú àwo kan. Màmá á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa wò wọ́n. N kò mọ ohun mìíràn tí Màmá tún fẹ́ láyé. "Bí mo bá kú," wọ́n á wí, "ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ gbé mi. Ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀." Àwọn ọkùnrin náà á ní kí wọ́n yéé sọ ọ̀rọ̀ ikú nídìí oúnjẹ, wọ́n á sì máa bá òkèlè wọn lọ.

Ìṣèlú wá bá wa nínú èyí. Kó tó dé, yíyan olórí ò le ní abúlé wa. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi di ọ̀kan. Ẹni tí wọn ò fún á gba obì jẹ, á sì sin ẹni tí wọ́n fún délé. N kò ní kò lábùkù o. Wọn kì í pe obìnrin sí i, àwọn àgbà ọ̀hún sì mọ ojúsàájú ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n n kò rí ilé kan tó jó nítorí rẹ̀ rí.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni wọ́n ní kí gbogbo wa, tọkùnrin tobìnrin, wá dìbò yan àwọn tí yóò lọ jókòó ní Èkó. Ẹgbẹ́ méjì ló ń bá ara wọn dù ú lọ́dọ̀ wa. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Àwọn tó ni wọ́n ní ọmọ láyé, àwọn ọmọ náà sì ní lọ́yà. Ẹ jẹ́ kí n kàn pe ọ̀kan ní Fìtílà, kí n pe èkejì ní Ẹyẹlé, kí n fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí ara àpótí ìbò wọn.

Fìtílà ṣèlérí ọ̀nà ọlọ́dà fún ẹ̀gbọ́n àgbà, pé mọ́tò á máa wọlé wá kó kòkó rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe olórí ẹgbẹ́ wọn ní abúlé, wọ́n sì dé e ní fìlà. Ẹyẹlé ní tiwọn rí iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà, wọ́n ní kó máa gbẹ́ ẹyẹlé onígi fún àwọn, èyí tí wọ́n ń gbé síwájú mọ́tò bí wọ́n bá ń polongo. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Ọ̀kan wà tó na ìyẹ́ tó jẹ́ pé adìyẹ wa sá fún un. Orin wọn ni pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Ẹ̀gbọ́n àgbà ra fìtílà tuntun fún Màmá, káfíńtà gbé ẹyẹlé kan fún wọn. Màmá gbé méjèèjì sí ojú fèrèsé kan náà, wọ́n sì wọn àárín wọn kí ọ̀kan má baà súnmọ́ àwọn ju èkejì lọ.

Àwọn ọkùnrin ńláńlá méjì tó ń du ipò náà wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ti Fìtílà ò mọ orúkọ abúlé wa, "ẹ̀yin ará ibí" ló ń pè wá. Ti Ẹyẹlé mọ̀ ọ́n, àmọ́ inú ìwé pélébé kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti kà á. Àwọn tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi torí wọn pàdánù ara wọn nìyẹn.

Tíṣà kan wá ṣàlàyé ìbò fún àwọn obìnrin lábẹ́ igi ọsàn wa. Ó ní ẹni tí a bá yàn á lọ sí Èkó. Ẹgbẹ́ tí ènìyàn rẹ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, olórí wọn ni yóò máa ṣe ìjọba.

Màmá ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe olórí ni mò ń yàn. Alárinà ni mò ń yàn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà á, Màmá. Bó ṣe rí nìyẹn."

"Kí alárinà ọ̀hún ṣáà má lọ gbé ìyàwó fúnra rẹ̀ o," ni Màmá wí, gbogbo obìnrin sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n àgbà pe Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ìbò yín, tèmi ni o." Màmá ní àwọn ti gbọ́. Káfíńtà wá ní ọjọ́ Ìsinmi, òun náà pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Màmá, ẹ ò ní fi mí sílẹ̀, àbí?" Màmá ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gbọ́ lóòótọ́.

Ilé ìwé kan ní abúlé kejì ni a ti dìbò. Nígbà yẹn, a kì í tẹ̀ka. Wọ́n á fún ọ ní ìwé kékeré kan, wàá wọ yàrá lọ ní ìwọ nìkan, wàá bá àpótí méjì lórí tábìlì, àwòrán fìtílà lára ọ̀kan, àwòrán ẹyẹlé lára èkejì. Inú èyí tó bá wù ọ́ ni wàá ju ìwé rẹ sí, ẹnì kan ò sì gbọdọ̀ rí ọ. Màmá wọ sùtánà lọ. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́. Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́, ó tún wúkọ́.

"Màmá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó kù díẹ̀, ọmọ mi. Ẹ má kán mi lójú."

Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tó jẹ gbèsè tó sì ti san án. Èmi náà wọlé. Ibi tí mo ju tèmi sí, ẹ má bi mí. Òfin ní àṣírí ni, èmi nìkan ni mo sì pa òfin náà mọ́ nínú ilé wa.

Fìtílà ló wọlé ní àdúgbò wa. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwọn ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti àwo oúnjẹ wọn, ẹ̀gbọ́n àgbà sì ń fi káfíńtà ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹyẹlé ti di ọbẹ̀. Káfíńtà náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dé inú. Ó ní, "Bó ṣe wù kó rí, ìbò Màmá, èmi ni mo ni ín."

Ẹ̀gbọ́n àgbà ní, "Màmá wo? Màmá tó ń gbé ilé mi?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Inú Màmá dùn pé wọ́n bi àwọn. Wọ́n ti ń retí rẹ̀.

"Mo pín in ni," ni wọ́n wí. "Mo ká a, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó ya, kó lè gún. Apá kan fẹ́ yọ díẹ̀, mo fi eyín gé e. Mo ju ìlàjì sínú ti Fìtílà, mo ju ìlàjì sínú ti Ẹyẹlé. N kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ nínú yín."

Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n àgbà gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ ti bà á jẹ́. Ìwé tó bá ti ya, dídà ni wọ́n ń dà á nù."

Màmá wò ó. "Wọ́n á da ìlàjì nù?"

"Méjèèjì," ni káfíńtà dáhùn. "Ẹ ò dìbò fún ẹnì kankan, Màmá."

N kò lè gbàgbé bí ojú Màmá ṣe rí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n àgbà ti ń palẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó dúró. Bí ẹ̀gbọ́n àgbà bá ti dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Àmọ́ ó ní káfíńtà ló ń da Màmá láàmú. Káfíńtà ní ẹni tó ta orí rẹ̀ nítorí fìlà kò yẹ kó máa sọ̀rọ̀ ìdààmú. Ẹ̀gbọ́n àgbà ní ilé tí ó jókòó sí yìí, ilé Fìtílà ni, ẹni tí kò bá wù kó dìde. Káfíńtà gbójú sókè wo òrùlé tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ó wò ó pẹ́. Ó fọ ọwọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Oúnjẹ inú àwo ò tíì dé ìdajì.

Mo bínú sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì nígbà náà, inú ṣì ń bí mi títí di òní. Wọ́n dàgbà, wọ́n níyàwó, ìwé tó ya lásán ló mú wọn ṣe bí ọmọdé.

Káfíńtà ò wá mọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí rin ìrìn àjò. Èmi ti lọ sílé ọkọ ní Olódò nígbà náà, mi ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Màmá ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé, ìlàjì nǹkan kan á sì wà lórí wọn: ìlàjì ẹran, ìlàjì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìlàjì iṣu. Iṣu, òòró ni wọ́n ń là á, kí ẹnì kan má baà gba orí kí ẹnì kejì gba ìdí. Ẹ ò rí i pé iṣu tí wọ́n bá là bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́? Màmá mọ̀. Wọ́n ní kí káfíńtà tètè jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, bí àwọn méjèèjì bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n jọ jẹ ẹ́ ni.

Nígbà tí ìbò mìíràn dé, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wá pe Màmá. Wọn ò dìde. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ẹ bá gbé àpótí ẹyọ kan ṣoṣo wá, ẹ wá pè mí." Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màmá ti darúgbó.

Ìbò tó wá pa wá lára wá ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí òjò ń parí lọ. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ènìyàn ń sọ pé Ẹyẹlé ni àwọn dìbò fún, asọ̀rọ̀mágbèsì sì ń kéde pé Fìtílà ló wọlé. Bóyá irọ́ ni, bóyá òótọ́ ni, mi ò sí níbi tí wọ́n ti kà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé epo bẹntiróòlù kiri, wọ́n sì ń bi ènìyàn pé ẹgbẹ́ wo ló ń ṣe kí wọ́n tó kí i. Lára ògiri iwájú ilé ẹ̀gbọ́n àgbà, wọ́n ti fi ẹfun ya fìtílà ńlá kan láti ọjọ́ pípẹ́. Ó yẹ kó nù ún kúrò. Ó ní òun ò ní nù ún.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan wá gba àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà pé, "Abúlé yín ló kàn lónìí o. Ilé tí wọ́n ya fìtílà sí yẹn." Káfíńtà sọ ràndá tó fi ń fá pákó sílẹ̀. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fò sórí kẹ̀kẹ́. Kò tilẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu Màmá ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n àgbà wà lóko. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sódò. Nítorí ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá láti ìta, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ibà ń ṣe Màmá, wọ́n wà lórí ẹní. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn, ó pè wọ́n, Màmá ní láti ìta ni wọ́n ti tì í. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi èjìká fọ́ ilẹ̀kùn tí òun náà ṣe. Ó wá mú irinṣẹ́ jáde, ó tú àwọn ìṣó tó di férémù mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yọ ilẹ̀kùn kúrò lódindi, ó gbé e ti igi ọsàn. Ó gbé Màmá pọ̀n, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú oko kòkó. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ ti ń sún mọ́ tòsí nígbà náà. Ó wá gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ tó ti fi pamọ́ sí ọ̀nà kejì, ó tì wọ́n dé ilé mi, òógùn bò ó.

Àwọn ará abúlé tó ń sá wọ igbó bojú wẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n rí ni káfíńtà ọmọ ẹgbẹ́ Ẹyẹlé tó ń tú ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún bojú wẹ̀yìn, èéfín ni wọ́n rí.

Ẹ̀gbọ́n àgbà ti oko dé, ó bá ògiri dúdú àti páànù tó ká bí ewé gbígbẹ. Ilẹ̀kùn ìrókò dúró ti igi ọsàn, iná ò kàn án. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí fún un. Wọ́n ní ó sọ pé, "Ẹyẹlé tó bá mi jẹ, tó bá mi mu." Ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ẹnu lé irin Ògún, ó sì búra pé òun àti àbúrò òun kò ní jẹ nínú àwo kan mọ́, wọn kò ní jọ tẹ ilẹ̀ kan náà mọ́, títí ọ̀kan yóò fi kú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá dé abúlé. Wọ́n rò pé àwọn ń lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì parí. Ẹ̀gbọ́n àgbà jókòó sórí òkúta. Màmá sọ ọ́ tán láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó tì wọ́n mọ́lé, ẹni tó gbé wọn jáde. Ẹ̀gbọ́n àgbà yíjú sí ògiri dúdú náà. Màmá wá kúnlẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ. Mo pariwo, mo fà wọ́n lápá, wọn ò dìde.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà," ni wọ́n wí. "Òun ló pọ̀n mí. Ọmọ mi ò sunlé rẹ."

Ẹ̀gbọ́n àgbà ní, "Màmá, ẹ dìde. Gbogbo nǹkan lẹ máa ń pín láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín. Òtítọ́ lẹ tún ń pín yìí. Ẹ ti bu tèmi fún mi, ẹ fẹ́ bu tirẹ̀ fún un."

Ohun tí Màmá fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe ni ó mú tí ó fi pa ẹnu wọn dé.

Èmi ni mo bínú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó fẹ́ sunlé, ṣé ó máa ń kọ́kọ́ gbé ilẹ̀kùn kúrò nínú iná ni?" Ó wo ilẹ̀kùn náà níbi tó fara ti igi ọsàn. Ó wò ó títí. Mo gbà lónìí pé lójú ẹsẹ̀ náà ló rí òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti búra, ìran tiwa ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìbúra irin. Àwọn aládùúrà Màmá gbààwẹ̀, wọ́n wá pẹ̀lú omi àdúrà. Ó gba omi náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ní kí wọ́n má bínú, àdúrà wọn ò lè tú ohun tí òun bá Ògún sọ.

Màmá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìgbà ọyẹ́ yẹn ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba. Kò pẹ́ wọ́n ní kò sí ẹgbẹ́ mọ́, kò sí Fìtílà, kò sí Ẹyẹlé, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ wọn mọ́. Bí ẹni fẹ́ná kú ló rí.

Ọdún tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ayẹyẹ ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn. Mo rí àwọn ọkùnrin ńláńlá méjì ọjọ́sí, ti Fìtílà àti ti Ẹyẹlé, wọ́n jókòó ti ara wọn. Àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ọ̀kan ń já ẹran fún èkejì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. N kò lè jẹun mọ́. Mo délé, mo sọ fún Màmá.

Màmá bi mí pé, "Ìjà tiwọn ti parí?"

"Ó ti parí, Màmá."

"Wọn ò sì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi?"

Mo lọ gbé omi kaná.

Màmá kú ní ọdún kejì tí ṣọ́jà dé, nígbà òjò, ní ilé mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n àgbà àti àwọn géńdé mẹ́rin wá láti abúlé pé ẹ̀gbẹ́ bàbá wa ni kí a sin wọ́n sí. Nǹkan kan wà lórí àwọn géńdé náà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ilẹ̀kùn ìrókò ni. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n àgbà rán wọn ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Ẹ ní kó fi ṣe pósí Màmá."

Káfíńtà dúró tì í. Ó fi ìka kan àwọn ihò tí òun ti tú ìṣó ọjọ́ náà. Ó wá jókòó sílẹ̀ láàárín igẹ́dú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sunkún, géńdé ọkùnrin. Nígbà tó dìde, ó fi pákó mìíràn ṣe ìsàlẹ̀, ó sì fi ilẹ̀kùn náà ṣe ìdérí. Kò dí àwọn ihò náà.

A gbé Màmá láti Olódò. Káfíńtà wà níbi ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. A dé oríta tí ọ̀nà abúlé ti yà, níbi tí ilẹ̀ bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àgbà dúró ní òdìkejì. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ọjọ́ iná. Káfíńtà rọra sọ ibi ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró sínú koríko. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n àgbà tó sọdá wá. Ó di ibi orí mú. Ibi ẹsẹ̀ ṣófo, àwọn géńdé ń wo ojú ara wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ tí mo gbé e, obìnrin bíi tèmi.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé Màmá lóòótọ́, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Ọ̀nà ni wọ́n pín láàárín ara wọn. Màmá tí kì í jẹ́ kí ohun tí kò ṣeé pín wọlé, àwọn náà ni wọ́n pín.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Mo mú ẹran kan, mo là á sí méjì, mo gbé e sókè wò. Mo gbé ìlàjì fún ẹ̀gbọ́n àgbà. Ó ní, "Ṣé ó ti jẹ tirẹ̀?" Mo wé ìlàjì kejì sínú ewé, mo rìn lọ sí oríta. Káfíńtà ṣì wà nínú koríko níbi tó dúró sí.

Ó wo ewé ọwọ́ mi. "Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ tiwọn?"

Mo gbé ewé náà rìn padà, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n àgbà ti gbé tirẹ̀ lé orí òkúta, eṣinṣin ti ń bà lé e. Mo mú un. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ìlàjì méjèèjì lórí itan mi. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Mo rántí pé Màmá kì í fẹ́ kí oúnjẹ ṣòfò, mo sì jẹ méjèèjì.